Ohùn Tí Wàá Gbọ́ Láàárọ̀ Ìdánwò Ìṣirò

Ilé wa, Muṣin,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi, àbúrò mi kan ṣoṣo,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Kì í ṣe pé nǹkan burúkú kan tún ṣẹlẹ̀. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òrùlé tó ń jò ṣì ń jò. Lẹ́tà yìí gùn ni, mo sì mọ̀ ẹ́: orí ìdúró lo ti máa ń kàwé, wàá ka ìbẹ̀rẹ̀, wàá fò dé ìparí, wàá ní o ti kà á tán. Èyí kì í ṣe irú ẹ̀.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa. Bí ọmọ bá ti ń kó kúrò nílé, òbí á kọ lẹ́tà kan sí i, ẹyọ kan péré, èyí tí gbogbo ìmọ̀ràn wà nínú ẹ̀. Bàbá bàbá wa kọ ọ́ sí bàbá wa nígbà tí wọ́n ń bọ̀ l'Ékòó. Mọ́mì kọ tèmi nígbà tí mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ọ̀yìngbò láti kọ́ iṣẹ́ wíńdò àti gíláàsì. Ní báyìí, ìwọ náà ti kó lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò Mọ́mì, ní Sùúrùlérè, kí o lè rí ibi tó parọ́rọ́ kàwé. Bàbá wa ti lọ kí o tó mọ ìrìn. Mọ́mì náà kò sí mọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́ni tó máa kọ ìwé yìí àfi èmi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ kò pé. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí nígbà tí mo mú bírò. Nígbà tí mo kọ orúkọ rẹ tán, kò pa mí mọ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbọ́ ọ níbi iṣẹ́, mo tún lọ gbọ́ ọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí ọ̀gá mi ò ti ní rí ojú mi. O ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Tẹ́ ẹ bá lè pè mí láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò máàsì, kẹ́ ẹ fi ohùn Mọ́mì tẹ́ ẹ máa ń ṣe kì mí, màá wọlé. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, mi ò lọ. Mi ò lè tún lọ jókòó síbẹ̀ bíi tọdún tó kọjá."

Màá dá ẹ lóhùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà òbí ni mò ń kọ, òbí kì í sì í dáhùn ohun tí ọmọ béèrè kó tó kọ́kọ́ sọ tẹnu ẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yòókù lo yege, ìṣirò nìkan ló ṣófo, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò sì ní wo ojú ẹ láìsí i. O ò kùnà ìṣirò, Àbẹ̀kẹ́. O ò kọ ọ́ ni. Orúkọ rẹ nìkan ló wà lórí ìwé yẹn. Nítorí náà, fetí sílẹ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Àyà tó ń já nínú hóòlù ìdánwò kò sọ pé olódo ni èèyàn. Èmi tí mo máa ń pa gbogbo ilé ìwé lẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń pè pé kí n wá ṣe bíi pásítọ̀ níbi ìpàdé ọ̀dọ́, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá ti ń pín ìwé ìṣirò. Ìdí tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń sín tíṣà jẹ, kò sẹ́ni tó máa rántí bi í ní ìbéèrè.

O mọ tíṣà ìṣirò wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àlùjẹ́bírà. Wọ́n á fa ṣòkòtò sókè dé àyà, wọ́n á fa imú, wọ́n á wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbé omi kíkún. Lọ́jọ́ kan, ní àkókò ìsinmi, mo bọ́ síwájú pátákó, mo fa ṣòkòtò mi sókè, mo fa imú. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ tí ọpọlọ yín ti lọ kí àwọn èèyàn ẹ̀ lábúlé." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu tábìlì. Mo bojú wẹ̀yìn. O mọ ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mo ti na ọwọ́ fún ẹgba. Wọn ò nà mí. Ìbéèrè kan wà lára pátákó tí kò sẹ́ni tó rí i ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní kí n má yí ohùn padà o, kí n fi ohùn tí mò ń fi ṣe wọ́n yanjú ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé àwọn ni mò ń ṣe, mi ò lè yára. Mo fa imú, mo kọ ìlà kan. Mo dúró, mo wò ó, mo kọ ìkejì. Àbẹ̀kẹ́, mo yanjú ẹ̀. Èmi gan-an ni ẹ̀rù bà.

Wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "O rò pé ohùn mi ló ṣe é? Ìrọra ni. O rọra torí pé èmi máa ń rọra. Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́, ta ló ń lé ẹ bọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mò ń fi ránṣẹ́ sí ẹ. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé síwájú rẹ, má kọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan náà. Fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀ lórí tábìlì kí igi tábìlì gba ìgbọ̀n yẹn lára wọn. Fa èémí, kí o sì jẹ́ kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó wọlé lọ. Bi ara rẹ pé ta ló ń lé ẹ bọ̀. Wàá rí i pé kò sẹ́nì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ka gbogbo ìbéèrè láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó wọ agboolé tó ń kí gbogbo ilé kó tó jókòó. Má bá ẹnikẹ́ni jà. Kí wọn, kọjá. Ibi tí wọ́n bá ti yẹ́ ẹ sí lo máa padà sí.

Èkejì, má ra ìdáhùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wá bá ẹ. Wọ́n á ní ẹ̀kísípò ti jáde, wọ́n á fi orúkọ ìyá wọn búra. Èmi náà gbà á lọ́dún tèmi. Bọ̀bọ́ kan ládùúgbò fi lẹ́tà A, B, D, D, C ránṣẹ́ sí mi, ó gùn bí okùn kànga. Dípò kí n kàwé, mo sọ ọ́ di orin. Mò ń kọ ọ́ nílé ìwẹ̀, mò ń jó sí i. Mọ́mì ń gbọ́, wọ́n rò pé orin ìyìn ni, wọ́n ń gbè é lẹ́yìn. Ìgbà tí mo dé inú hóòlù, mo fẹ̀yìn tì, mo ń kọrin nínú ọkàn, mò ń kun àpótí. Orin mi tán, ìbéèrè kò tán. Ibi tí mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n tà fún mi nìyẹn.

Nígbà tí èsì jáde, Mọ́mì wò ó. Wọ́n ní kí n wá jẹun. Mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi létí, wọn ò gbá mi. Wọ́n bu ẹran tiwọn sínú àwo mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́, torí mi ò lè tún jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tó le, èyí tó máa ń gùn bí ìwàásù, tí ojú máa ń ṣú ẹni kó tó dé ìdajì ẹ̀. Lọ sínú ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì, níbi tí wọ́n ti ń dirun, nínú ọkàn rẹ. O rántí obìnrin kan tó ń gbé nítòsí Ìdí-Òrò, tí irun ẹ̀ nípọn bí kànrìnkàn, tó máa ń ní wíwẹ́ lòun fẹ́, kí ó wẹ́ bí òwú? Mo máa ń wo orí yẹn, á rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kan mo bi Mọ́mì pé ìgbà wo ni wọ́n máa di orí ràgàjì yìí tán.

Wọ́n ní, "Túndé, mi ò tíì di orí rí láyé mi. Ìlà kan ni mo máa ń dì."

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fi ìrù kóòmù la ìlà kan, wọ́n á fi kílíìpù há gbogbo ìyókù sẹ́yìn kó má baà dà bo ọwọ́ wọn. Ìlà yẹn nìkan ni wọ́n máa ń rí. Bí wọ́n bá dì í tán, wọ́n á tú díẹ̀ sílẹ̀ lára èyí tí wọ́n há, wọ́n á la òmíràn. Bí ìlà kan bá ta kókó, wọn kì í fà á títí kí oníbàárà máa sunkún. Wọ́n á fi òróró sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀, wọ́n á kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgbà tí wọ́n bá fi padà dé, á ti rọ̀.

Jẹ́ ká dì í pọ̀. Wọ́n ní Adé fi ọdún mẹ́rin ju Bọ́lá àbúrò rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọjọ́ orí Adé jẹ́ ìlọ́po méjì ti Bọ́lá. Wọ́n wá ní ọmọ ọdún mélòó ni Bọ́lá báyìí. Fi ọwọ́ bo gbogbo ẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni kí o ṣí. Bọ́lá la ò mọ̀, pè é ní x. Adé wá di x àti mẹ́rin. Ó tán, ìlà kan ti dì. Ṣí ìkejì. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, yọ márùn-ún kúrò lára àwọn méjèèjì: Bọ́lá di x dín márùn-ún, Adé di x dín ẹyọ kan. Ìlà kejì náà nìyẹn. Ẹ̀kẹta: wọ́n ní ti Adé jẹ́ ìlọ́po méjì, nítorí náà x dín ẹyọ kan bá x méjì dín mẹ́wàá dọ́gba. Kó x sí apá kan, kó iye sí apá kejì. Bọ́lá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Adé jẹ́ mẹ́tàlá. Má tíì dìde. Padà lọ bi ìbéèrè bóyá ó gbà: lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ọ̀kan jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan jẹ́ mẹ́jọ. Ó gbà.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu nínú ìbéèrè yẹn ni pé ohun gbogbo ń yí nínú ẹ̀, àfi ọdún tí ẹ̀gbọ́n fi ju àbúrò lọ. Ìyẹn kì í dín, kì í lé.

Ẹ̀kẹrin, àbí ìkarùn-ún, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. O rí ìdí tí wọn ò fi lè fi mí ṣe tíṣà ìṣirò. Kọ gbogbo bí o ṣe ṣe é sílẹ̀. Má ṣe é sínú orí kí o wá ju ìdáhùn sílẹ̀ bí ẹni ju òkò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fún mi ní gíláàsì ńlá gé, fún ilé kan ní Yábàá, mo wọn fèrèsé, mo ṣírò ẹ̀ nínú orí, mo ń fi ṣakọ. Mo ń kánjú, mo tẹ ọ̀bẹ gíláàsì mọ́lẹ̀. Ó gé, ṣùgbọ́n kò wọ fèrèsé. Ọ̀gá mi wá. Mo rò pé wọ́n á lé mi lọ. Wọ́n ní kí n fi hàn wọ́n ibi tí mo kọ ọ́ sí. Mo ní mi ò kọ ọ́. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ká ní o kọ ọ́ sára ògiri ni, ǹ bá rí ibi tí o ti yà bàrá, ǹ bá sì mọ̀ pé ibi yòókù yé ẹ. Báyìí, gíláàsì tí kò wọ fèrèsé nìkan ni mo rí."

Bí ẹni tó ń máàkì náà ṣe máa wò ẹ́ nìyẹn. Bí ìdáhùn kò bá tọ̀nà, á wá ojú ọ̀nà, á sì fún ẹ ní máàkì fún ibi tí o rìn dé. Kì í tán nígbá osùn ká má rí fi pa ọmọ lára. Kò sí ìbéèrè tí o ò ní mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ya àwòrán ẹ̀ bí kò bá sí ohun mìíràn. Kọ fọ́múlà sílẹ̀ bí o ò tilẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ìwé òfìfo nìkan ni wọn kì í rí nǹkan fún.

Àwọn kéékèèké rèé, mi ò ní tò wọ́n. Àmì ìyọkúrò, kọ ọ́ kó hàn, òun ló máa ń pa èèyàn ní ìkọ̀kọ̀. Tí ẹnì kan bá nawọ́ gba ìwé àfikún nígbà tí o ṣì wà ní ojú ewé kejì, má wò ó, ó lè jẹ́ pé lẹ́tà níńlá ló ń kọ. Tí ẹni tó ń ṣọ́ yín bá dúró lẹ́yìn rẹ, kì í ṣe ìwọ ló ń wò, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Bí ẹ bá jáde nínú apá kìíní, má dúró ti àwọn tó ń pariwo pé "Kí lo mú ní nọ́ńbà méje?" Máa lọ jẹ́jẹ́ rẹ. Sùn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí omijé bá sì dé nínú hóòlù, má bá a jà, jẹ́ kó máa ṣàn, kí o sì máa kọ̀wé. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

O ti mọ̀ pé mò ń sá fún ọ̀rọ̀ ni. Ó dáa. Mi ò ní sá mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo wà pẹ̀lú Mọ́mì ní hòsípítù. Ìwọ wà lọ́dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ rẹ nítòsí ilé ìwé, kí o má baà máa pẹ́ dé ibi ìdánwò. Láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wàá yá fóònù ọkùnrin tó ń ta rìcháàjì lẹ́nu géètì, wàá pe fóònù Mọ́mì, wọ́n á kì ẹ́ kí o tó wọlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí o ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́jọ́ ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kì ẹ́ dé ìdajì. Lẹ́yìn ìyẹn, èémí ò gbé e mọ́. Wọ́n á sọ pé "Àbẹ̀kẹ́," wọ́n á sinmi, wọ́n á fi fóònù lé mi lọ́wọ́. O máa ń sọ fún mi pé ẹyọ orúkọ yẹn ti tó ẹ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ ìṣirò, nọ́ọ̀sì fa aṣọ bò wọ́n lójú. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti dé. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé o ò gbọdọ̀ gbọ́. Wọ́n ní wàá kọ ìdánwò rẹ tán, wàá délé, wàá jẹun yó, lẹ́yìn náà ni àgbà kan máa rọra sọ ọ́ fún ẹ. Wọ́n ní bí a ṣe ń túfọ̀ nìyẹn, àti pé kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ìgbà náà ni fóònù Mọ́mì dún nínú báàgì.

Àǹtí ní kí n má gbé e. Mo mọ̀ pé bí a ò bá gbé e, wàá mọ̀. Mo gbé e. Mo la ẹnu, ohùn Mọ́mì sì jáde. Mo kì ẹ́ láti orí dé ìsàlẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀kín, gbogbo ẹ̀, mi ò fo nǹkan kan, ó ń dún gbọnmọgbọnmọ bí ìgbà tí wọ́n máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á máa fi ohùn sìn wá títí a ó fi yà ní kọ́nà. Mo gbàdúrà fún ẹ. Àǹtí ti ki etí gèlè wọn bọ ẹnu. Mo ṣe tán. Mò ń gbọ́ èémí rẹ, mò ń gbọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ.

O wá sọ pé, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi."

O pa fóònù. O wọlé lọ, o kọ orúkọ rẹ, o sì jókòó títí wọ́n fi gba ìwé. Nígbà tí o délé, ìrẹsì ti wà nílẹ̀. Gbogbo wa ń rọ̀ ẹ́ pé kí o jẹun. O jẹ ẹ́ tán pátápátá, o tún fọ àwo náà, torí o mọ ohun tí a ń dúró dè, o ò sì fẹ́ fi wá sínú wàhálà. Alàgbà láti ṣọ́ọ̀ṣì wá mí kanlẹ̀, wọ́n ní Mọ́mì ti lọ sinmi. O ní, "Mo ti mọ̀, sà." Láti ọjọ́ náà, èmi àti ìwọ ò tíì sọ ọ́ rí.

Mo ti rò ó títí. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé ohùn Mọ́mì tí ara wọn le ni mo ní lọ́wọ́. Èyí tí mo fi ń pa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín nìyẹn láti kékeré. Mi ò kọ́ ti orí ibùsùn yẹn. Ta ló máa ń sín àìsàn jẹ?

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé rárá. Mi ò ní fi ohùn Mọ́mì pè ẹ́. Má rò pé mi ò lè ṣe é. Mo dán an wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yìí, ó jáde, ó sì dára débi tí mo fi di ẹnu mi mú. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mi ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, èyí tó jẹ́ ti Mọ́mì àti èyí tó jẹ́ eré mi. Eré mi ti ń jẹ tiwọn. Ìwọ ṣì ní tìẹ, ẹyọ orúkọ kan pẹ̀lú èémí lẹ́yìn ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ẹnu ara wọn pè. Mi ò fẹ́ fi ẹnu mi bà á jẹ́.

Màá tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi lọ́jọ́ náà. Màá wà lẹ́nu géètì kí o tó dé. Ohùn tèmi ni wàá gbọ́, èyí tó máa ń há, tí kò dùn, tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Màá kì ẹ́ dé ibi tí mo bá lè kì ẹ́ dé.

Mo sì fẹ́ kí o mọ ohun tí mo rò. Kì í ṣe ìṣirò ló dì ẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. O gbé ìròyìn kan wọlé tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún ẹ. O ò lè sunkún ẹ̀, torí wọn ò tíì sọ ọ́. O ò sì lè kọ̀wé, torí o ti mọ̀ ọ́n. Títí dòní, "wọ́n ti lọ sinmi" nìkan lo gbọ́. Èmi kì í ṣe àgbà, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òbí nílé wa mọ́, mo sì ti ń kọ lẹ́tà òbí. Bí o ò bá tíì jẹun lónìí, fi ìwé yìí sílẹ̀ báyìí. Lọ jẹun, kí o tó padà wá ka èyí tó kù.

Ṣé o ti jẹun?

Mọ́mì kú, Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n kú láàárọ̀ ọjọ́ ìṣirò, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ mi. Wọn ò jìjàkadì. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo lo máa kọ lónìí, mo ní ìṣirò ni. Wọ́n bi mí pé ṣé o ti jẹun, mo ní o ti jẹun. Wọn ò béèrè nǹkan mìíràn mọ́.

Sunkún dáadáa. Àyè ṣì wà kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Bí o bá sunkún tán, nu ojú rẹ, fa ìwé rẹ mọ́ra, kí o sì la ìlà kan.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ,
Túndé.